Fútrẹ́ẹ̀sì Mẹ́ta Ni Mo Pààrọ̀ Kí N Tó Rí Dókítà

Bí ẹsẹ̀ yín kan bá wú tí èkejì kò sì wú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó lọ sí ọsibítù. Ẹ pa ìwé dé, ẹ dìde, ẹ máa lọ. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ìlà gùn, ẹ wá máa kà á lórí ìlà. Èmi náà wà lórí ìlà yẹn rí. Ó ku nǹkan bí èèyàn mẹ́tàdínlógún kí ó kàn mí ni mo dìde tí mo lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Tíṣà ìṣirò ni mí. Ìlaròó ni ilé mi, Ayétòrò ni ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni mí nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. N kì í mu sìgá, n kì í mu ọtí. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń ṣe fàájì láyé ni alùpùpù. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí mo ti ń gun ọ̀kadà lásán, mo ra èyí tí wọ́n ń pè ní páwà báìkì, tí ó rí bí ẹṣin tó tẹrí mọ́lẹ̀ láti sáré. Tòkunbọ̀ ni, òdìkejì bọ́dà ni wọ́n ti mú un wọlé. Pupa ni. Bí mo bá ti ń gùn ún wọ ọgbà ilé ìwé, gbogbo kíláàsì á máa yọjú lójú fèrèsé, n ò sì ní parọ́, inú mi máa ń dùn.

Irin tí à ń gbé ẹsẹ̀ lé lára alùpùpù ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fútrẹ́ẹ̀sì. Ti apá òsì lára tèmi ti tẹ̀ kí n tó rà á, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e lọ bá Akin, mẹkáníìkì tí ó wà nítòsí ilé ìwé wa, pé kí ó bá mi wá òmíràn.

Akin kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó ní kí n jókòó sórí alùpùpù, ó wo orúnkún mi, ó wo gìgísẹ̀ mi. Ó ní, "Tíṣà, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. A lè wá irú èyí tó bá a wá gan-an. A lè ra èyí tó ní ihò púpọ̀, tí èèyàn lè gbé sókè, gbé sílẹ̀, títí tí yóò fi bá ẹsẹ̀ mu. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tó ń fi alùpùpù díje. Ìyẹn ga, ó sì ti sẹ́yìn, kò ṣeé yí. Ṣùgbọ́n ẹ ga púpọ̀. Orúnkún yín á ká bíi ti ẹni tó lóṣòó sídìí ààrò."

Mo bi í pé, "Kí ni wọ́n ṣe gbé e ga bẹ́ẹ̀?"

"Kí ó má baà ha ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dẹ alùpùpù sí ẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà. Àbí ẹ̀yin náà fẹ́ máa dẹ ẹ́ báyẹn ní ọ̀nà Jọ́gà-Orílé, nínú kòtò?" Ó rẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì mú ẹ̀kẹta. Dúdú ni, ó ń dán, wọ́n gbẹ́ ẹ bí ẹni gbẹ́ ohun ọ̀ṣọ́. Ojú ni mo fi yàn án. N kò bi ara mi pé wákàtí mélòó ni mò ń lò lórí ìjókòó lóòjọ́, n kò bi ara mi bóyá ẹsẹ̀ mi lè na bí mo bá fẹ́ nà án. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò kò ṣírò ìyẹn.

Nígbà tí ìsinmi gígùn ilé ìwé fẹ́ẹ̀ parí, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì gbéra, a gba Àfọ̀n, a gba Ìmẹ̀kọ, a kọjá bọ́dà sí Kétu, a sì tún tẹ̀síwájú títí a fi dé Ṣábẹ̀ẹ́. Odindi ọjọ́ kan ni a fi lọ, odindi ọjọ́ kan ni a fi bọ̀. Òòrùn mú. N kò mu omi tó, nítorí n kò fẹ́ kí àwọn yòókù máa dúró dè mí nítorí ìtọ̀. Orúnkún mi ká síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí bí ti ọmọ inú oyún. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ní Ìlaròó, mo di ògiri mú kí n tó lè rìn, mo sì rò pé bí àwọn ọkùnrin ṣe ń gbádùn nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn èyí ni ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi òsì, nísàlẹ̀ orúnkún, bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Mo rò pé pajápajá ni. Ṣùgbọ́n pajápajá a máa wá, a sì máa lọ. Èyí kò lọ. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ó ń fà mí láti inú wá. Mo lọ bá Akin, mo ní, "Fútrẹ́ẹ̀sì yìí ga jù lóòótọ́." Ó ní òun ṣáà sọ bẹ́ẹ̀. Ó pe oníṣòwò kan ní Kétu, onítọ̀hún fi oníhò púpọ̀ ránṣẹ́, ó sì ń fi Faransé lú Yorùbá fún mi lórí fóònù pé, "Sà va alé, á dáa, ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ yín á balẹ̀." Akin bọ́ ti àkọ́kọ́, ó de èkejì. Ó gbé e sí ihò ìsàlẹ̀, mo gùn ún, ó ro mí. Ó gbé e síwájú, ó ro mí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni a fi ń gbé irin kiri láti ihò dé ihò. Ẹsẹ̀ sì ń wú.

Ìyàwó mi, Bùṣírá, ló kọ́kọ́ kíyè sí ìwú náà. Mò ń wọ ṣòkòtò láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró, ó ń wò mí. "Bàbá Ròfíà, ẹsẹ̀ yín kan ti sanra ju èkejì lọ."

"Irin alùpùpù yẹn ni. Akin ń bá mi tún un ṣe."

"Ṣé Akin ló máa ń tún ẹsẹ̀ ṣe ni?"

Inú bí mi. Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ yẹn ni ọ̀rọ̀ tí ó mọ́gbọ́n dání jù lọ tí ẹnikẹ́ni sọ nínú gbogbo ìtàn yìí, ẹ̀fẹ̀ ni mo sì kà á sí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilé ìwé ti wọlé, mo sì ń fa ẹsẹ̀ kọjá níwájú yàrá ìtọ́jú ilé ìwé wa. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì nílé ìwòsàn. Ó pè mí wọlé. Ó ní kí n ká ṣòkòtò. Ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ òsì, ó fi kan ọ̀tún, ó ní òsì gbóná. Awọ rẹ̀ ń dán bí ẹni fi epo pa á. Ó mú téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn aṣọ, ó wọn méjèèjì.

"Tíṣà, ẹ lọ ọsibítù. Ẹ má jẹ́ kí ó di ọ̀la. Mo ń bẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ ti dì síbẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ ra á. Kì í ṣe òrí, kì í ṣe róòbù, kì í ṣe omi gbígbóná. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ rárá. Bí ó bá ṣí nípò, àyà ni yóò lọ."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá, mo ti gbọ́." Mo sì gbọ́ lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé mo gbọ́, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àbámọ̀ mi wà.

Ní Ọjọ́rú, mo lọ sí ọsibítù ìjọba kan. Mo débẹ̀ ní kùtùkùtù, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà kọkànlélógójì. Bẹ́ǹṣì kún, àwọn tí kò ríbi jókòó ń fara ti ògiri. Ìyá arúgbó kan tí ó jókòó tì mí ń ka nọ́ńbà tirẹ̀ lákàtúnkà bí ẹni pé yóò dín kù. Títí di ọ̀sán, mẹ́tàlélógún ni wọ́n ń pè. Fóònù mi dún. Akin ni. Ó ní, "Tíṣà, mo ti rí èyí tó bá a wá gan-an, ojúlówó. Ẹnìkan ní Ìlaròó ló ní in. Bí ẹ kò bá tètè dé, ẹlòmíràn máa gbà á."

Mo wo ìlà. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo ronú pé bí mo bá rí irin tó tọ́, ẹsẹ̀ á balẹ̀, kí ni n ó tún máa wá níwájú dókítà? Mo fún ìyá arúgbó yẹn ní ààyè mi lórí bẹ́ǹṣì, ó súre fún mi, mo sì jáde. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, Akin ti de ojúlówó náà mọ́ alùpùpù. Ó rọrùn ju àwọn yòókù lọ, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ mi na díẹ̀. Ìrora kò lọ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gun alùpùpù lọ sí Ìgbógìlà láti lọ kí ìyá mi. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ àdúgbò wa, ẹ á ti gbọ́ nípa ọwọ́ ìyá mi. Òun ni ó ń wẹ ọmọ tuntun, tí ó ń nà wọ́n. Bí àgbẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ rọ́ lóko, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní. Ó rí mi bí mo ti ń sọ̀kalẹ̀, ó sì fi obì tó ń bó sílẹ̀.

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ?"

"Irin alùpùpù ló ká mi lórúnkún, Màmá."

"Jókòó. Na ẹsẹ̀ sílẹ̀."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ẹnu mi yá, kò sí ohun tó dí mi lọ́fun. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ohun tí Nọ́ọ̀sì wí, yóò bi mí pé kí ni mò ń ṣe ní Ìgbógìlà dípò ọsibítù, n kò sì ní èsì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìrora ti sú mi, ọwọ́ ìyá mi ni mo sì mọ̀ láti kékeré pé ó ń mú ìrora kúrò. Mo na ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Ó fi òrí àti omi gbígbóná ra á ní alẹ́ Jímọ̀ọ̀. Ó ra á láàárọ̀ àti lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ó ń tẹ̀ ẹ́ láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sókè, ó ń ṣàdúrà lábẹ́ ahọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi, Ràṣídì, tí ó ń kó gàrí lọ sọ́jà, wá wò wá. Ó ní irú ẹsẹ̀ báyìí kì í ṣe ojú lásán, pé ẹnìkan ló rí alùpùpù pupa tí kò fẹ́. Ó gbé ìgò àgbo kan wá. Mo mu ife kan nítorí kí ó lè jẹ́ kí n sinmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Màmá tún ra á. Mo dìde kí n lọ wẹ̀. N kò tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà tí nǹkan gún mi ní ìhà bí ọ̀bẹ. Mo fẹ́ mí, èémí kò wọlé. Mo wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ jáde. Ohun tí mo rántí ni igbe ìyá mi, àti ọwọ́ Ràṣídì lábẹ́ abíyá mi bí ó ti ń gbé mi sẹ́yìn ọkọ̀ tó fi ń kó gàrí. Àpò gàrí ni mo fi ṣe ìrọ̀rí dé Ìlaròó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi mí ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta.

Dókítà tó gbà mí wọlé jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, mo lè ti kọ́ ọ ní kíláàsì kan rí. Lẹ́yìn tí wọ́n yẹ̀ mí wò tán, ó ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá tó yé gbogbo wa: ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀ mi, ègé kan já nínú rẹ̀, ó gba inú ara lọ, ó sì lọ dí ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀fóóró mi. Ó ní bí ègé yẹn bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, òkú ni wọn ì bá gbé dé. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ yìí?"

Ìyá mi dìde lórí àga. "Èmi ni. Ọwọ́ mi yìí ni."

Dókítà kò pariwo mọ́ ọn. Ó ní, "Màmá, ẹ kò mọ̀ ni. Kò sí ẹni tó sọ fún yín." Ìyá mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n síwájú, ó ń wò wọ́n sẹ́yìn. Ike afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi bò mí nímú kò dí mi lẹ́nu. Mo lè yọ ọ́ kí n sọ gbólóhùn kan. N kò sọ ọ́. Mo di ojú bí ẹni tó ń sùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ inú ikùn, òògùn oníhóró, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà lójoojúmọ́ láti wò ó. Bùṣírá ló ń tò sórí ìlà fún gbogbo nǹkan: ìlà káàdì, ìlà òògùn, ìlà ìwé àyẹ̀wò. Kò sọ fún mi rí pé òun ti wí i. Nígbà tí Ràṣídì gbé àgbo dé ọsibítù, tí dókítà sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ pàdé òògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ rọ̀, Bùṣírá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ gbé e padà sílé." Inú bí Ràṣídì, ó ní obìnrin ti gba àbúrò òun lọ́wọ́ òun. Bùṣírá kò yẹra lẹ́nu ọ̀nà. Òógùn ẹ̀rù ń bọ́ lójú rẹ̀, mo rí i.

Mo ta alùpùpù náà kí owó ìtọ́jú lè pé. Ẹni tó rà á béèrè bóyá mo ṣì ní fútrẹ́ẹ̀sì dúdú tó ń dán yẹn. Mo ní mo ní in. Mo kọ̀, n kò fún un.

Mo padà sílé, mo ń gbádùn díẹ̀díẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ìyá mi ti ṣíwọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun wá, á ní, "Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ọwọ́ mi ò dáa mọ́." Àwọn èèyàn rò pé àárẹ̀ ni. Oṣù méje kọjá. Nígbà náà ni ìyàwó Ràṣídì bímọ, Ràṣídì sì pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ kò rí bí ohùn ẹni tí ọmọ tuntun wà nílé rẹ̀.

"Màmá kọ̀, kò fọwọ́ kan ọmọ mi. Ọmọ ọmọ tirẹ̀! Ó ní kí òun má lọ pa á bí òun ṣe fẹ́ẹ̀ pa ọ́. Wá bá a sọ̀rọ̀."

Mo lọ. Mo bá a níbi tó ti ń tú ẹ̀gúsí sórí àtẹ. Mo kúnlẹ̀, ó ní kí n dìde nítorí ẹsẹ̀ mi, mo ní n kò dìde. Mo sọ ọ́ fún un pé Nọ́ọ̀sì ilé ìwé ti sọ fún mi pé kí ẹnikẹ́ni má ra ẹsẹ̀ náà, pé mo mọ̀ kí n tó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo tún sọ ohun tí dókítà sọ fún mi nígbà tí mo padà lọ bi í, pé kò sẹ́ni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé fífọwọ́ra ló já ẹ̀jẹ̀ dídì náà, pé ó lè já fúnra rẹ̀.

Màmá kò gbọ́ ti èkejì. Ti àkọ́kọ́ ló dì mú. "Ìgbà wo ni Nọ́ọ̀sì sọ fún ọ?"

"Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n wá síbí."

"O mọ̀, o jókòó, o ń wò mí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́." Ó ní, "Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ń ṣe àlùwàlá, n kì í wo ọwọ́ mi. Mo máa ń di ojú." Ó gbé àtẹ rẹ̀ wọlé. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi.

Ó ti tó ọdún méjì báyìí. Mo ṣì ń lo òògùn. Ẹsẹ̀ òsì mi máa ń wú bí ilẹ̀ bá ń ṣú, mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ kan tó fún mọ́ ẹsẹ̀ pinpin láti òwúrọ̀. Ọkọ̀ èrò ni mo ń wọ̀ lọ sí Ayétòrò, bí ó bá sì dúró láti já èrò, mo máa ń sọ̀kalẹ̀ na ẹsẹ̀, kí dẹ́rẹ́bà máa kùn. Mo ń mu omi. Tí ẹ bá ń gun alùpùpù, tàbí ẹ ń wakọ̀ ọ̀nà jíjìn, tàbí ẹ ń jókòó ránṣọ láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ máa dìde. Ẹ ra irin tó bá wù yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín ríbi nà. Bí ìrora bá wá, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ wò yín, kí mẹkáníìkì tó wo ọkọ̀. Ohunkóhun tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá sì sọ fún yín, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn yín, ní gbangba, kí ó tó fi ọwọ́ kàn yín.

Màmá ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń bi mí léèrè òògùn mi, ó ń fi ẹ̀gúsí ránṣẹ́ sí Bùṣírá, ṣùgbọ́n kò tíì padà sídìí ọmọ wíwẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin aládùúgbò kan gbé àkọ́bí rẹ̀ wá. Màmá bá a gbé omi, ó fi igbọ̀nwọ́ wò ó bóyá ó gbóná jù, ó sì jókòó tì í. "Rọra. Gba ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Fi àtàǹpàkò fà á wálẹ̀, má tẹ̀ ẹ́." Ọwọ́ Màmá fúnra rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ká wọn jọ.

Ọmọ náà ń ké, ìyá rẹ̀ ń láàágùn. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi ṣe é, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe."

Màmá ní, "Ìwọ náà ti ń mọ̀ ọ́n ṣe. Máa bá a lọ."

Mo jókòó síbẹ̀ títí tí wọ́n fi wẹ ọmọ náà tán.